Aago Pẹlẹbẹ Bàbá Ìjọ

Ohun kan wà tí gbogbo wa mọ̀ nílé tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọdọ̀ sọ níta: bàbá mi, tí gbogbo Sabon Gari ní Kano ń gbé aago wá bá, kò ríran mọ́. Kì í ṣe pé ó fọ́jú pátápátá. Ó mọ ìgbà tí ilẹ̀ mọ́, ó mọ ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni náà bá ti sọ̀rọ̀, ó sì lè rìn láti ilé wa ní Niger Street dé ṣọ́ọ̀ṣì láìfi ọwọ́ kan ògiri. Àmọ́ àárín ojú rẹ̀ ti ṣú. Bí ó bá wo nǹkan, etí nǹkan náà ló ń rí, àárín rẹ̀ a di èéfín. Ẹni tó ń tún aago ṣe kò sì ní ibòmíràn tó ń wò ju àárín lọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí lọ́dún tí mò ń sọ yìí. Mo ti dàgbà ju bàbá mi ìgbà yẹn lọ báyìí, síbẹ̀ bí mo bá ń rántí ilé náà, etí ni mo fi ń rántí rẹ̀, bí ẹni pé èmi náà kò ríran níbẹ̀.

Yàrá mẹ́wàá ló wà nínú ọgbà wa, márùn-ún kọjú sí márùn-ún, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan là wọ́n láàárín, ó sì yọ sí àgbàlá tí gbogbo ayálégbé ti ń dáná. Yàrá méjì tó wà níwájú ni tiwa, ọ̀kan nínú wọn sì ni ṣọ́ọ̀bù bàbá mi, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sí títì. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa la ti máa ń gbọ́ ìpè mọ́sáláṣí, lẹ́yìn náà fèrè ọkọ̀ ojú irin, lẹ́yìn náà agolo omi tó ń kan ara wọn lórí ọmọlanke mai ruwa tó ń ta omi, lẹ́yìn náà ohùn Ìyá Ngozi ní yàrá kẹrin, tó máa ń fi Ìgbò bú àwọn ọmọ rẹ̀ kí wọ́n tó la ojú. Gbogbo ọgbà ló ní irú ìyẹn. Ohun tó ya tiwa sọ́tọ̀ ni aago. Aago ògiri tí a bá ti tún ṣe, a máa ń gbé e kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ mẹ́ta kí á lè mọ̀ bóyá ó máa dúró lórí òtítọ́, kò sì sí méjì nínú wọn tó jọ ń lù lẹ́ẹ̀kan náà. Bí agogo méjìlá ọ̀sán bá ń lù, ó máa ń gbà wọ́n tó ìṣẹ́jú mẹ́rin kí wọ́n tó lù ú tán. Àwọn ará ọgbà a máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀sán ilé wa ló gùn jù ní Kano. Bàbá mi a jókòó sórí àga rẹ̀, a gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ti Pásítọ̀ ti yára jù," a wí. "Ẹ ní kí ìyá yín fà á sẹ́yìn díẹ̀."

Ní rélùwéè ló ti kọ́ iṣẹ́. Àwọn aago ńláńlá ara ògiri ibùdó ọkọ̀ ojú irin, òun ló ń wáìnì wọn, òun ló ń tún wọn ṣe, ìgbà tó fẹ̀yìn tì ló sì ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ìyá mi ní tirẹ̀ máa ń fi ọwọ́ ran ojú ihò bọ́tìnnì fún àwọn télọ̀ ní Enugu Road. Nígbà tí ojú bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, ó kọ́kọ́ pè é pé kó wá bá òun wá sikúrù kan tó já bọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn ó ní kó bá òun dì í mú. Lọ́jọ́ mìíràn ó ní kó kúkú bá òun fi í sí àyè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà ṣe ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì, tí kò sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni sọ pé kó rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ó ti pé ọdún mẹ́ta. Bàbá mi a jókòó níwájú, a gba aago lọ́wọ́ oníbàárà, a fi sí etí, a mì í díẹ̀, a sọ ohun tó ń ṣe é, kì í sì í sábà ṣì í. A ní kí wọ́n padà wá ní Tọ́sìdeè. Nígbà náà ni yóò dìde, yóò gba ẹ̀yìn kọ́tìnnì wọ yàrá kejì, níbi tí ìyá mi jókòó sí lẹ́bàá fèrèsé àgbàlá, pẹ̀lú awò kékeré tí wọ́n ń há sójú, ẹ̀mú tín-ín-rín lọ́wọ́ rẹ̀, aṣọ funfun lórí tábìlì, ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ lórí sítóòfù níta níbi tí òórùn rẹ̀ ti lè kìlọ̀ fún un. Àwọn oníbàárà rò pé nítorí ìmọ́lẹ̀ ni bàbá mi ṣe ń wọlé lọ ṣiṣẹ́.

"Ẹni tó bá gbọ́ pé ojú mi ti lọ á ní kí n dá aago òun padà," bàbá mi máa ń wí. "Ẹni tó bá gbọ́ pé obìnrin ló ń tú u á ní bẹ́ẹ̀ náà. Kí la wá fẹ́ jẹ?" Ìyá mi kì í dáhùn. Iṣẹ́ tèmi láàárọ̀ ni pé kí n fi aṣọ tútù nu tábìlì, fèrèsé àti ilẹ̀ yàrá náà kí ó tó jókòó. A kò gbọdọ̀ fi ìgbálẹ̀ gbá ibẹ̀, nítorí eruku. Nígbà ọyẹ́, a tún máa ń rẹ ìró kan sínú omi, a ó fi ta fèrèsé. "Eruku Kano kì í kan ilẹ̀kùn," ni bàbá mi máa ń wí. Kúnlé àbúrò mi ló máa ń lọ ra àkàrà kọ́sẹ́ lọ́wọ́ obìnrin Hausa tó ń dín in ní ìkángun títì, tí a ó fi mu kòkó. Bí ìyá mi bá pè é, Hausa ló fi máa ń jẹ́ pé òun ń bọ̀: "Ina zuwa!" Ìyá mi a ní, "Yorùbá ni mo fi rọbí ẹ o." Á tún dáhùn pé, "To, Mama."

Ìgbà òjò fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nígbà tí Bàbá Ìjọ wá. Kọngiráítọ̀ ni, ó ń kọ́ ilé fún àwọn ènìyàn ní Brigade, òun ló sì fi páànù kan ṣọ́ọ̀ṣì wa láti òpin dé òpin. Ọkùnrin sígbọnlẹ̀ ni, tó jẹ́ pé àga méjì ni wọ́n máa ń tò pọ̀ fún un bí ìpàdé bá gùn. Ó tú aago kan jáde látinú áńkáṣíìfù, ó gbé e lé bàbá mi lọ́wọ́ bí ẹni tó ń gbé ẹyin. Orúkọ mi ni gbogbo ìjọ fi ń pè é.

"Bàbá Dúpẹ́, òyìnbó tó tà á fún mi lókè òkun ní kò sí èyí tó fẹ́lẹ́ tó o nínú gbogbo ṣọ́ọ̀bù òun. Ṣùgbọ́n ó ń dójú tì mí. Láàárọ̀ á máa lọ geere. Tó bá di ọ̀sán, á kú. Tó bá tún di ìrọ̀lẹ́, á jí."

Bàbá mi fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ wọ̀n ọ́n. Kò nípọn ju kọ́bọ̀ mẹ́ta tí a tò lé ara wọn lọ, àti gíláàsì àti ẹ̀yìn rẹ̀. "Ṣé ẹ̀rọ wà nínú eléyìí?" ó bi í. Bàbá Ìjọ rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì. Ìbéèrè yẹn gan-an ló fẹ́ gbọ́.

Nígbà tí ìyá mi ṣí i lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó jẹ́ kí n há awò náà sójú kí n wò ó. Títí di òní mi ò tíì rí ohun tí ènìyàn fi ọwọ́ ṣe tó jọ ọ́. Bàbá mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ń ṣàlàyé ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò rí. Ó ní aago tí gbogbo ayé ń wọ̀ dà bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àgbá eléyín kan lórí òmíràn, kálukú ní àjà tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí aago fẹ́lẹ́ ní láti wó àjà òkè, kí ó kó gbogbo wọn wá sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí yàrá ọgbà wa. Irin tó sì gbé wọn dúró, wọ́n ti há a títí ó fi kù bí ìwé. "Ibi tí wọ́n ti ń há a yẹn ni ẹ̀rù wà," ó wí. "Nínú aago ńlá, bí àgbá kan bá ń mì díẹ̀, kò sí ohun tó máa ṣe é. Nínú eléyìí, àlàfo tó wà láàárín àgbá kan àti èkejì kò tó irun orí. Bí ọ̀kan bá wúkọ́, ọgbà ló máa jí." Mo rí òkúta pupa wẹ́wẹ́ tí orí irin ń yí nínú wọn, mo rí sikúrù tí ìbá sọnù sábẹ́ èékánná mi, mo sì rí àgbá tó ń lọ síwá sẹ́yìn láìsinmi, èyí tí bàbá mi ń pè ní ọkàn, pẹ̀lú irin pẹlẹbẹ tó dábùú lórí rẹ̀ tó dì í mú. Ó ń lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí àyà ọmọ tuntun tó ń sùn.

Ìyá mi tú u palẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó fi orí abẹ́rẹ́ kan epo sí àwọn òkúta náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò ó padà. Ọjọ́ méjì gbáko ló gbà á. Kí ó tó dé e, ó fi awò wo inú ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀.

"Bàbá Dúpẹ́, àpá kan wà níbí. Ó ń dán, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ."

"Lára ẹ̀rọ?"

"Nínú ìdérí."

Bàbá mi rò ó díẹ̀. "Iṣẹ́ àwọn tó ṣe é ni. Má fọwọ́ kàn án."

Ó dé e. A gbé e sórí tábìlì fún ọjọ́ mẹ́ta, kò dá, kò yára, kò falẹ̀. Bàbá Ìjọ gbé e lọ, inú rẹ̀ dùn. Ní Tọ́sìdeè ó ti gbé e padà pé ó tún ń kú lọ́sàn-án. Ìyá mi tún un tú, kò rí nǹkan kan, ó tún un tò, ó sì lọ bí omi lórí tábìlì wa. Ó gbé e lọ, ó gbé e padà. Lẹ́ẹ̀kẹta, kò gbé e wá mọ́. Ó ní iṣẹ́ kan ní Èkó, ó sì fi han ọkùnrin kan níbẹ̀ tó ń ta aago. Ọkùnrin yẹn gbé e sókè wò láìṣí i, ó ní irú aago yìí kì í ṣàìsàn bẹ́ẹ̀, pé ẹni tó tú u ló ti pààrọ̀ inú rẹ̀.

Iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ló ti sọ ọ́ lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí a ń jáde, tí gbogbo ènìyàn ṣì ń kí ara wọn. Kò pariwo. Ohùn rẹ̀ ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Bàbá Dúpẹ́, èèpo lẹ dá padà fún mi. Ibo ni ẹ gbé inú aago mi sí?"

Ìyá mi di ọwọ́ mi mú, ó di í le. Bàbá mi yí ojú sí ibi tí ohùn náà ti wá. "Èmi ò pààrọ̀ nǹkan kan, Bàbá Ìjọ," ó wí. Mo rántí pé obìnrin kan ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀, ó sì dá a dúró.

Ọ̀rọ̀ náà ìbá tán lọ́jọ́ yẹn gan-an. Orúkọ àwọn tó ṣe aago yẹn wà lójú rẹ̀, ó sì wà lára ẹ̀rọ inú rẹ̀ pẹ̀lú, ní lẹ́tà tó kéré ju ẹsẹ̀ èèrà lọ. Bí bàbá mi bá ṣí i níwájú ènìyàn méjì, kí ó fi orúkọ hàn wọ́n, ta ni yóò tún lanu? Pásítọ̀ wá sílé wá sọ bẹ́ẹ̀ fún un ní Mọ́ńdè. Ṣùgbọ́n bàbá mi kò lè ṣí i. Ó ní eruku wà, ó ní irú aago yẹn kì í ṣe ohun tí à ń ṣí ní gbangba, ó ní kí wọ́n fún òun láyè. Pásítọ̀ wò ó títí, ó dìde. Bí mo bá jẹ́ Pásítọ̀, èmi náà ìbá rò pé olè ni mò ń wò. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó dé àárín, àwọn ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá gba aago wọn. Àwọn mìíràn gba èyí tí a kò tíì tò tán, nínú bébà, bí iyọ̀ tí wọ́n pọ́n. Aago ògiri ń kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní Furáìdeè, agogo méjìlá ilé wa lù tán lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé ẹyọ kan ló kù. Bàbá mi jókòó síbẹ̀, ó ń tẹ́tí sí èyí tó kù bóyá òmíràn á tẹ̀lé e. Ìyá mi gbé túwó ọ̀sán síwájú rẹ̀, kò jẹ ẹ́. Nínú ọgbà, Ìyá Ngozi nìkan ló ń bá wa sọ̀rọ̀ bí ó ti máa ń ṣe, bóyá nítorí pé kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa.

Lọ́sàn-án Sátidé, Pásítọ̀ àti Bàbá Ìjọ jọ dé. Oòrùn mú gan-an lọ́jọ́ yẹn. Bàbá Ìjọ bọ́ aago náà lọ́wọ́, ó gbé e sórí tábìlì ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ ṣí i," Pásítọ̀ wí. "Mo bẹ̀ yín. Kí á rí i, kí ó tán."

Bàbá mi há awò sójú. Ó gbé aago náà, ó da ojú rẹ̀ délẹ̀, ó mú ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ṣí ẹ̀yìn. Mo dúró lẹ́bàá àmù omi, mo sì rí i pé ẹnu ọ̀bẹ náà kò sí níbi tó yẹ kó wà. Ó jìnnà sí i díẹ̀, bí ìbú ìka kan. Ó dúró bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé ọ̀bẹ náà sílẹ̀, ó yọ awò kúrò lójú, ó sì pe ìyá mi. Àgbàlá ló wà, ó ń ro túwó. Ó wọlé wá pẹ̀lú omi lọ́wọ́, ó ń fi ìró nù ún.

"Ìyá Dúpẹ́, wá jókòó."

Ìyá mi wo àwọn àlejò, ó wo bàbá mi. "Bàbá Dúpẹ́…"

"Jókòó." Ó dìde kúrò lórí àga rẹ̀ fún un. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí àwọn ọkùnrin náà. "Kì í ṣe èmi ni mò ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ojú mi ti lọ láti ọdún mẹ́ta. Gbogbo aago tí ẹ gbé wá sílé yìí, òun ló ń tú u. Aago ògiri yín, Pásítọ̀, òun ni."

Pásítọ̀ ní, "Ha." Bàbá Ìjọ ní tirẹ̀ kò tíì jókòó. "Obìnrin lẹ jẹ́ kó tú aago mi?"

Ìyá mi ti jókòó, ó ti há awò sójú, ìdérí sì ti ṣí kí Bàbá Ìjọ tó pa ẹnu dé. Ó ní kí Pásítọ̀ sún mọ́ ọn, ó fún un ní awò, ó fi orí ẹ̀mú tọ́ka sí ibi tí ó máa wò. Pásítọ̀ ka lẹ́tà náà sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì yí aago náà ka èyí tó wà lójú rẹ̀. "Ọ̀kan náà ni," ó wí. "Bàbá Ìjọ, ọ̀kan náà ni o."

"Kí ló wá ń pa á?"

Ìyá mi kò wo aago. Ó ń wo ọwọ́ Bàbá Ìjọ. Bẹ́líìtì aago náà ti fi ojú sára ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ìlà pupa méjì tó wọnú ẹran, àti àmì róbótó kan láàárín wọn níbi tí ẹ̀yìn aago ti wọlé. Ó dé ìdérí náà padà, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi so ó mọ́wọ́ bí ẹ ṣe máa ń so ó."

Ó so ó. Ó fà á kọjá ihò tí àwọn òyìnbó lu sí i, ó dé ihò kan tí òun fúnra rẹ̀ fi ìṣó lu. Ìyá mi bi í pé kí ló dé tó ń fún un tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ tó kéré. "Ó fúyẹ́ jù," ó wí. "N kì í mọ̀ pé ó wà lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, àìmọye ìgbà ni mo rò pé ó ti já bọ́."

"Bàbá Dúpẹ́, ẹ wá gbọ́ ọ," ìyá mi wí.

Bàbá mi tẹ̀ ba, ó gbé etí lé ọrùn ọwọ́ Bàbá Ìjọ, bí ìgbà tí ènìyàn ń gbọ́ àyà aláìsàn. "Kò lọ," ó wí. Ìyá mi tú ihò kan. "Kò lọ." Ó tú èkejì. Ojú bàbá mi yí padà. "Ó ti ń lọ." Ó tún fún un, ó dá. Ó tún tú u, ó lọ. Pásítọ̀ ní kí òun náà gbọ́, ó sì tẹ̀ ba pẹ̀lú ẹ̀wù gígùn rẹ̀. Ìyá mi wá ṣàlàyé fún wọn, ó ń wo ilẹ̀ bí ó ti ń sọ ọ́. Ẹ̀yìn aago náà fẹ́lẹ́ bí ìdérí páànù sàdíìnì. Bí a bá fún un mọ́ ara, ara á tì í wọlé, á lọ kan irin tó di ọkàn mú, ọkàn á sì dá. Láàárọ̀ tí ara tutù, àyè ṣì wà. Tí oòrùn bá mú lọ́sàn-án, ọwọ́ á wú. Ó ṣí i padà, ó fi àpá tó wà nínú ìdérí hàn wọ́n, àti àpá kékeré kan lára irin náà, tó kọjú sí i gẹ́lẹ́. "Ẹ̀rọ yìí àti ìdérí yìí ti pẹ́ pọ̀," ó wí. "Ara wọn ni wọ́n fi ń há ara wọn."

"Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," Pásítọ̀ wí, ó sì fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín. Bàbá Ìjọ so aago náà síbi ihò kejì. Ó mì ọwọ́ wò.

"Ta ló kọ́ ọ?" ó bi ìyá mi.

"Bàbá Dúpẹ́ ni, sà."

Wọ́n lọ. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìfilọ̀, Bàbá Ìjọ dìde, ó ní ọ̀rọ̀ aago yẹn ti parí, kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ mọ́. Ìyẹn nìkan ló sọ. Kò tọrọ àforíjì, bàbá mi kò sì retí rẹ̀. Ohun tó tàn kálẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn kì í ṣe pé bàbá mi kò jalè. Ohun tó tàn kálẹ̀ ni pé kò ríran. Àwọn oníbàárà kan kò padà wá mọ́ láé. Àwọn mìíràn padà wá díẹ̀díẹ̀, àwọn obìnrin ló kọ́kọ́ wá, pẹ̀lú aago tí wọn kò jẹ́ gbé fún ọkùnrin rí. Nígbà tó fi di ọyẹ́, aago márùn-ún ti wà lára ògiri.

Nígbà tí ìyá mi di arúgbó, tí bàbá mi sì ti lọ, mo bi í ní ìgbà kan bóyá ojú ẹsẹ̀ ló rí ohun tó ń pa aago yẹn, lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Ẹ̀gẹ́ ló ń bó lọ́wọ́. Ó ní rárá. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti kọ́kọ́ rí àpá yẹn lòun ti mọ̀ pé nǹkan ń kàn án. Ibi tó ti ń kàn án wá ni òun kò mọ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún Bàbá?"

"Mo sọ. Ó ní iṣẹ́ àwọn tó ṣe é ni."

"Kí ló dé tí ẹ ò tún un sọ?"

Ó bó ẹ̀gẹ́ náà tán kó tó dáhùn. "Ojú rẹ̀ ti lọ. Ìmọ̀ ló kù fún un. Ṣé kí n tún gba ìyẹn?" Mo ti rò ó lọ, mo rò ó bọ̀ láti ìgbà yẹn. Ìdákẹ́jẹ́ tí ó fi bo àṣírí ọkọ rẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ di olè. Mi ò tíì mọ èyí tí ǹ bá ṣe bó bá jẹ́ èmi.

Ní Mọ́ńdè tó tẹ̀lé ọ̀rọ̀ Bàbá Ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá mi gbé àga rẹ̀ jáde sí iwájú ilé, ìyá mi sì gbé tábìlì rẹ̀ wá sínú ṣọ́ọ̀bù níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù. Bàbá mi ló ń kí àwọn ènìyàn wọlé. Bí Yorùbá bá béèrè oníṣẹ́ aago, á ní ó wà nínú ilé, ẹni náà á sì wọlé, á bá ìyá mi, á yà á lẹ́nu. Ìyẹn rọrùn fún un, nítorí pé bí Yorùbá bá ti ní "ó wà," ẹni tó ń gbọ́ kò tíì mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Hausa kò fún ènìyàn ní irú ibi ìsápamọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ọkùnrin bá wà níbẹ̀, yana nan ni wọ́n á wí. Bó bá jẹ́ obìnrin, tana nan. Mo ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí awakọ̀ kan, ọmọkùnrin Hausa tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, mú aago rẹ̀ dání wá. Ó kí bàbá mi dáadáa, ó bi í nípa mai gyaran agogo, ẹni tó ń tún aago ṣe, bóyá yana nan.

"Tana nan," bàbá mi dá a lóhùn.

Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó rò pé Hausa ló ṣòro fún bàbá Yorùbá yìí, ó sì fi sùúrù tún un ṣe fún un bí a ti ń tún un ṣe fún ọmọdé. "Yana nan, Baba."

Bàbá mi, tó ti ń sọ Hausa kí wọ́n tó bí ẹni náà, gbé ojú sókè sí ibi tí ohùn rẹ̀ ti wá.

"Tana nan," ó tún wí, ó sì ní kó wọlé lọ bá a.